Ìwé Pélébé Mẹ́fà Láti Ẹnu Nánì Kézì

Skelbeck, 1896

4 oṣù Karùn-ún, Ọjọ́ Ajé

Òjò láti àárọ̀. Òrùlé iléèwé tún ti ń jò, mo gbé ìkòkò bàbà mi síbẹ̀ láti fi gba omi.

Lẹ́tà Ọ̀gbẹ́ni Ashcombe dé láti ilé ìwé-ọ̀rọ̀, ó sì nípọn. Wọ́n ti dé ibi W nínú ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń ṣe. Láti ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń fi ọ̀rọ̀ abúlé wa ránṣẹ́ sí wọn, wọn ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi rí. Èmi ni mo máa ń ta wọ́n lọ́rẹ. Lónìí wọ́n béèrè. Ọ̀rọ̀ náà ni “wearish”. Inú ìwé àtijọ́ nìkan ni wọ́n ti rí i, wọ́n sì rò pé ó ti kú. Oúnjẹ tó tẹ́ lẹ́nu ni wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ náà bú. Ṣùgbọ́n títẹ́ wo? Ṣé àìníyọ̀ nìkan ni, àbí ó ní adùn burúkú kan tó jẹ́ tirẹ̀? Wọn ò mọ̀. Wọ́n ní bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń sọ ọ́ ní apá ọ̀dọ̀ wa, kí n jọ̀ọ́ kí n bá wọn gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ kí oṣù Kẹsàn-án tó dé ìdajì, torí ìgbà náà ni wọn yóò ti ojú ewé náà pa.

Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo mọ ẹni tó ń sọ ọ́. Nánì Kézì ni. Nígbà tí ìyá mi kú tí bàbá mi kò mọ̀ ju ìwàásù lọ, òun ló ń dáná nílé àlùfáà, òun ló ń wẹ̀ mí, òun ló ń nà mí. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí ìkòkò: “Míìsì Létí, na iyọ̀ sí mi, kó má baà wearish.” Mi ò tíì pé ọdún méje nígbà náà. Mo ti lé ní àádọ́ta báyìí.

5 oṣù Karùn-ún

Mo tún òfin wọn kà kí n má baà ṣì í ṣe. A kò gbọdọ̀ pe ọ̀rọ̀ náà sí ẹni tó ń sọ ọ́ létí. A kò gbọdọ̀ bi í léèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ náà jáde fúnra rẹ̀, lórí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ẹni, ká sì kọ ọ́ sórí ìwé pélébé kó tó tutù, pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tí a ti gbọ́ ọ. Ìwọ̀nba gbólóhùn tó gbé ọ̀rọ̀ náà dání ni wọ́n ń fẹ́. Ká gé ìyókù dànù.

Mo ti rú òfin yẹn lẹ́ẹ̀kan. Mo béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ Jabez Raw darandaran. Ọkùnrin náà rí i pé mo ti yọ pẹ́ńsùlù, ó sì hun ìtumọ̀ kan fún mi lójú ẹsẹ̀ kí inú mi lè dùn. Wọ́n dá ìwé náà padà, wọ́n fi yíǹkì pupa kọ “Iyèméjì” sí i lórí. Ó ṣì wà nínú àpótí mi. Irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́ níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì ń mí.

Oúnjẹ ni mo máa gbé lọ fún Nánì Kézì. N óò jókòó, n óò sì pa ẹnu mi dé.

9 oṣù Karùn-ún, Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ẹ bá mi yọ̀!

Mo se ọbẹ̀ ẹran àgùntàn, mo gbé e lọ sí ilé rẹ̀ létí odò. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bá adìẹ rẹ̀ jà. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, ẹnu rẹ̀ kò tíì rẹ̀.

“Ta ló kú?” ló fi kí mi.

“Kò sẹ́ni tó kú, Nánì. Ọbẹ̀ ni mo gbé wá fún yín.”

“Ta ló sè é?”

“Èmi ni.”

“Ẹni kan fẹ́ kú nìyẹn.”

Ó bu ṣíbí kan. Ó gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó gbé e sí tòsì, ó wá wò mí bó ṣe wò mí lọ́jọ́ tí mo ya ìwé orin bàbá mi.

“Ó wearish, Míìsì Létí. Jókòó kí o bá mi jẹ ẹ́, kí ìwọ náà lè mọ ohun tí o sè.”

Mo díbọ́n pé ìtọ̀ ń gbọ̀n mí. Mo ní mo fẹ́ lọ sẹ́yìn ilé. Níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ilé oyin, mo kọ ọ́ lé orókún mi: “Ó wearish.” Nípa ọbẹ̀ ẹran. Obìnrin, 83. Skelbeck, 9 oṣù Karùn-ún, 1896. Mo gé ìyókù dànù gẹ́gẹ́ bí òfin. Nígbà tí mo padà, mo ní kó má bínú, mo ní ìwé àwọn ọmọ iléèwé láti yẹ̀ wò, mi ò lè jókòó.

Nígbà tí mo délé mo tọ́ ìyókù ọbẹ̀ náà wò. Mo ti gbàgbé iyọ̀ pátápátá. Ẹ̀rí tó mọ́ gaara ni èyí!

16 oṣù Karùn-ún, Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ìwé kejì. Ẹyin àti mílíìkì ni mo sè pọ̀ tí mo dà ṣúgà sí. Mo tọ́ ọ wò kí n tó kúrò nílé, ó dùn. Ó jẹ ṣíbí méjì, ó ní, “Èyí náà wearish.” Ó gbé ìyókù sórí àga fún adìẹ.

A jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ iyọ̀ nìkan! Ọ̀gbẹ́ni Ashcombe yóò fò sókè.

22 oṣù Karùn-ún

Yìnyín bọ́ lóru, òdòdó igi púlọ́ọ̀mù run tán. Bọ́tà ti di ṣílè kan àti pẹ́nì méjì. Àwọn ọmọ mẹ́sàn-án ló wá sí iléèwé.

30 oṣù Karùn-ún, Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Mo rò pé ẹni tó bá fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe gùn tó, kó lọ dúró sí ìkángun rẹ̀. Mo bá lọ gba itan ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ nílé àgbẹ̀ Alderson. Gbogbo àfonífojì yìí ló mọ itan Alderson. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, kó yáa lọ sùn sétí odò.

Nánì Kézì rún un títí. Ó rún un débi pé mo rò pé ó ti sùn.

“Wearish.”

Mo gbàgbé ara mi. “Itan Alderson, Nánì?”

“Mo ní ó wearish. Àbí o fẹ́ kí n parọ́ fún ẹ nítorí pé o gbé e rìn jìnnà?” Ó ju ìyókù sí adìẹ. “Jókòó o, Míìsì Létí. O kì í jókòó mọ́. O máa ń dúró bí ẹni tó wá gba lẹ́tà.”

Mo ní mo fẹ́ lọ sẹ́yìn ilé.

“Ẹ̀yìn ilé náà rèé,” mo gbọ́ tó ń sọ fún adìẹ. “Ọmọ yìí nílò dókítà. Kò lè mu ife tíì kan kó má sáré.”

Òrùka ìyá rẹ̀ ti ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti fi òwú dì í. Mo kìlọ̀ fún un pé kó máa ṣọ́ ọ nígbà tó bá ń po ìyẹ̀fun.

Ìwé kẹta. Èmi gan-an ti ń ní èrò kan báyìí lórí ọ̀rọ̀ yìí.

6 oṣù Kẹfà, Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Oòrùn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àlùbọ́sà inú ọtí kíkan, tó fa omi lójú èmi tí mo gbé e. Ojú tirẹ̀ gbẹ táútáú. “Wearish,” ló wí, ó sì ti àwo náà kúrò níwájú.

Ìwé kẹrin. Mo kọ èrò mi sí ojú ewé mẹ́rin gbáko lálẹ́ yìí. Mo ní ó jọ pé wearish kì í ṣe àìládùn rárá, bí kò ṣe adùn tó wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò dé ọ̀dọ̀ ẹni. Mo kà á sókè fún ara mi nínú yàrá. Bàbá mi ì bá fẹ́ràn rẹ̀.

20 oṣù Kẹfà, Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Oyin, láti inú ilé oyin tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní èmi ni kí n lọ gé e, ẹ̀yìn ń dùn ún. Oyin ta mí lẹ́ẹ̀mejì.

“Gbé e síbẹ̀,” ó wí. “Ó wearish.”

“Ẹ ò tíì tọ́ ọ wò!”

“Mo ti mọ̀.”

Èyí fún mi ní wàhálà. Òfin ní orí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ti jáde. Ẹni tí kò tọ́ nǹkan wò, kí ló ṣẹlẹ̀? Mo rò ó títí mo fi dé orí afárá. Mo kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo fi àmì kékeré kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Adìẹ Nánì Kézì ti sanra débi pé kò lè fo àbáwọlé mọ́. Mo sọ fún un pé ó ń kẹ́ ẹ jù. Ó ní, “Ó kéré tán, òun ń rí i jẹ.”

4 oṣù Keje, Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ìwé kẹfà. Tíì ni, tíì lásán, èyí tí òun fúnra rẹ̀ pò. Ó mu ún lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e kalẹ̀. “Tíì náà ti di wearish.” Ó fi ìbòrí dì mọ́ra bẹ́ẹ̀ oòrùn sì wà níta.

Bí mo ṣe dìde ni ó bi mí, “Lọ́jọ́ wo lo máa wá láìgbé nǹkan kan dání?”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ṣé kí n wá lọ́wọ́ òfo, Nánì? Kí làwọn ará abúlé máa sọ?”

“Wọ́n máa sọ pé o wá kí mi.”

Mo fi gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú àpò kan, pẹ̀lú ojú ewé mẹ́rin mi. Mo fi wọ́n ránṣẹ́ kí ilé ìfìwéránṣẹ́ tó tì.

9 oṣù Keje

Ọ̀gbẹ́ni Ashcombe fèsì. Mo dà á kọ síbí kí n lè máa rántí irú ènìyàn tó jẹ́:

“Míìsì Fawdon ọ̀wọ́n, a dúpẹ́ gidigidi. Ìwé àkọ́kọ́ dára púpọ̀, kò sí irú rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n itan ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀, àlùbọ́sà inú ọtí kíkan, oyin: nǹkan wọ̀nyí kì í tẹ́ lẹ́nu ẹni tí ara rẹ̀ le. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ara ẹni náà le? Ẹ bá wa wò ó.”

Ẹ gbọ́ o! Ọ̀rọ̀ Jabez Raw ló ń fọhùn níbẹ̀ yẹn. Wọn ò tíì gbàgbé. Wọ́n rò pé mo jókòó sílé mo ń hun ọ̀rọ̀ fún wọn. Mo ti fi ọdún mọ́kànlá sìn wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó lè dá Nánì Kézì mọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀pá fìtílà.

Orí ń fọ́ mi. N kò jẹun alẹ́.

10 oṣù Keje

Mo fèsì. Ó kúrú, ó sì mú. Mo ní, “Ara ẹni tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ le bí òkúta, ahọ́n rẹ̀ sì jí ju ti ọ̀mọ̀wé mẹ́wàá lọ.” Mo fi òǹtẹ̀ sí i. Ó dùn mọ́ mi.

13 oṣù Keje

A ti iléèwé pa nítorí koríko ẹran tí wọ́n ń gé. Gbogbo ọmọ ti wà lóko. Ojú ọjọ́ dára, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ jáde kó má baà yí padà.

Mi ò lọ sétí odò lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mi ò ní nǹkan kan tí mo fẹ́ gbọ́ níbẹ̀ mọ́, ìwé mi ti pé.

26 oṣù Keje

Wọ́n kó koríko tó kẹ́yìn lóko Alderson wọlé lánàá, òjò dé ní aago mẹ́fà gééré. Orí Alderson ń ṣiṣẹ́.

1 oṣù Kẹjọ, Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Mo ń pa aṣọ mọ́ nígbà tí Tamar Brough wọlé wá láìkan ilẹ̀kùn. Ọmọ àbúrò Nánì Kézì ni, ó ń gbé ní Hawkrigg lẹ́yìn òkè, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún la máa ń rí i. Bàtà rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀.

“Míìsì Fawdon, ìgbà wo lẹ rí àǹtí mi kẹ́yìn?”

Mo kà á lọ́kàn. “Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Iṣẹ́ koríko ni...”

“Ẹ̀yin ń ṣiṣẹ́ koríko?”

Mo gbé aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi kalẹ̀.

“Mo bá a lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo gbé e dìde, mo gbé e báyìí,” ó na apá rẹ̀ méjèèjì, “bí ẹni gbé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Àwọn ará odò sọ fún mi pé ẹ máa ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Wọ́n ní ẹ ṣeun. Èmi náà fẹ́ wá kí yín pé ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n, Míìsì, ẹ ò rí i pé kì í jẹ ẹ́ ni?”

“Ó ní kò dùn lẹ́nu òun.”

“Ó sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà.”

Mo gbọ́ ọ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Tamar jókòó sórí aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ká.

2 oṣù Kẹjọ, Ọjọ́ Àìkú

N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mo lọ pe Dókítà Haddow, mo fi ẹsẹ̀ rin ibùsọ̀ mẹ́rin nínú òjò.

Kókó kan wà nínú ikùn Nánì Kézì, ó ti tóbi tó ìkúùkù. Dókítà wẹ ọwọ́ rẹ̀, ó sì bi wá nínú ilé ìdáná pé ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀, ṣé ó ti sọ fún ẹnikẹ́ni pé nǹkan ń ṣe òun. Tamar kò mọ̀. Mo mú ìwé àjákọ mi jáde. Mo máa ń ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tí mo bá fi ránṣẹ́, mo sì ti kọ àlàyé tèmi síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ̀ọ̀kan: òrùka tó fi òwú dì, adìẹ tó sanra, ẹ̀yìn tó ń dùn ún, ìbòrí nínú oòrùn. Ó kà á láti orí ọbẹ̀ ẹran dé orí tíì. Ó tún padà sí itan ẹlẹ́dẹ̀.

“Ẹran ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ̀,” ó wí. “Ọjọ́, ibi, ọ̀rọ̀ aláìsàn lẹ́nu ara rẹ̀. N kò rí ìwé tó mọ́ tó báyìí lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kankan. Ta ló kọ ọ́?”

“Èmi ni.”

Ó wò mí. “Kí ló wá dé tí ẹ ò ránṣẹ́ pè mí?”

Mo bi í bóyá Nánì ì bá yè bí mo bá ti tètè pè é. Ó ní rárá, ká má tan ara wa jẹ. Ṣùgbọ́n ó ní òògùn wà fún ìrora, àti pé ó ti fi oṣù méjì gbáko jẹ ìrora tí kò yẹ kó jẹ.

Wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Èmi kò tilẹ̀ rí ẹ̀tẹ̀ náà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ tán, mo sì fi í ránṣẹ́ lọ sí ìlú ńlá fún àwọn ẹlòmíràn láti wò.

3 oṣù Kẹjọ

Ọ̀gbẹ́ni Ashcombe rí i. Láti ibi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀, lórí ìwé lásán, ó rí i. “Ṣé ara ẹni náà le? Ẹ bá wa wò ó.” Iṣẹ́ tó rán mi nìyẹn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi ń rìn débẹ̀. Èmi sì jókòó, mo ń wá ọ̀rọ̀ tó mú.

Ojú ń tì mí. Mo kọ ọ́ síbí torí kò sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.

8 oṣù Kẹjọ, Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Tamar àti èmi ti pín ọjọ́ láàárín ara wa. Èmi ni ọ̀sán.

Mo wọlé lọ́wọ́ òfo. Nánì Kézì ṣí ojú kan.

“Kò sí àwo?”

“Kò sí, Nánì.”

“Ọlọ́run mi. A ti borí.” Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà dùn ún níkùn, ó dúró kó kọjá. “Jókòó.”

Mo jókòó. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Òrùka náà ti kúrò níbẹ̀, Tamar ti fi okùn gbé e kọ́ ọ lọ́rùn. Adìẹ wọlé, ó tún jáde.

Mo ní, “Nánì, ẹ foríjì mí.”

“Nítorí kí ni?”

“Mo ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu yín sílẹ̀. Lẹ́yìn ilé. Kì í ṣe pé...”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ mọ̀?”

“Míìsì Létí, èmi ni mo kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń lọ sẹ́yìn ilé. O kì í pẹ́ níbẹ̀. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí ẹ tí o gbé ìwé lórókún lẹ́gbẹ̀ẹ́ oyin, tí o ń kọ ọ́ bí ẹni tó ń kọ ìwé ìhágún.” Ó mí díẹ̀. “Inú mi dùn. Ẹnikẹ́ni kò kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ rí. Bàbá rẹ jẹ oúnjẹ mi fún ọgbọ̀n ọdún, kò kọ nǹkan kan. Mo ní, ó dáa, n kì í ṣe ẹni tó ń ráhùn, n óò máa sọ ọ́ bó ṣe rí, ọmọ yìí ń kọ ọ́. Mo rò pé tí o bá kọ ọ́ tán, o máa kà á. Tí o bá kà á tán, o máa padà wọlé.”

Mo sunkún bí ọmọ kékeré. Ó jẹ́ kí n sun ún tán, lẹ́yìn náà ó ní kí n nu imú mi, kì í ṣe apá aṣọ mi ni wọ́n fi ń nu ún.

13 oṣù Kẹjọ

Òògùn dókítà ń ṣiṣẹ́, ó ń sùn. Mo ka orin ìsìn fún un. Ó ní mo máa ń kà á yára jù, àti pé bàbá mi náà máa ń kà á yára.

Mo ti fi ẹnu ara mi béèrè ohun gbogbo tí mi ò béèrè: ibi tó ń dùn ún, irú ìrora tó jẹ́, ohun tó wù ú. Ó ní ohun tó wù ú ni kí adìẹ má lọ sílé Alderson, wọn yóò pa á jẹ.

17 oṣù Kẹjọ

Lónìí mo bi í bóyá kò sí ohun kankan tó ṣì ládùn lẹ́nu rẹ̀. Ó rò ó pẹ́. Ó ní omi. Omi odò, tó tutù, ṣíbí kan lẹ́ẹ̀kan. Ó ní omi kò ṣèlérí nǹkan kan fúnni, kò sì lè já ni kulẹ̀. Mo ń sáré lọ pọn ọ́n ní wákàtí wákàtí.

19 oṣù Kẹjọ

Nánì Kézì kú lówùúrọ̀ yìí. Tamar wà níbẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀. Mo jókòó.

22 oṣù Kẹjọ, Ọjọ́ Àbámẹ́ta

A sin ín sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tí oòrùn máa ń dé. Ènìyàn pọ̀ ju bí mo ṣe rò. Alderson fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó gbé e.

Lẹ́yìn náà ni oúnjẹ òkú, nínú ilé kékeré náà, kò sí àyè láti yíjú. Lọ́dọ̀ wa, bí a kò bá fi itan ẹlẹ́dẹ̀ sin òkú, a kò tíì sin ín. Tamar gé tèmi, ó nípọn.

“Ẹ jẹ ẹ́, Míìsì. Ti Alderson ni.”

Mo ti ń retí pé kò ní ládùn lẹ́nu mi. Mo tilẹ̀ fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Ó dùn. Iyọ̀ rẹ̀ pé, ọ̀rá rẹ̀ yọ́ lẹ́nu, ebi sì ń pa mí láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo jẹ ẹ́ tán, mo sì gba òmíràn. Ojú tì mí gan-an bí mo ṣe ń jẹ ẹ́.

Tamar kò bínú sí mi mọ́, tàbí ó rẹ̀ ẹ́ láti máa bínú. Bí a ṣe ń fọ àwo, ó ní, “Ó sọ ọ́ fún mi pé ẹ ṣe ìwọ̀n tí ẹ lè ṣe.” Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Mo mọ̀. Ohun tó sọ ni mo ń sọ fún yín.”

Adìẹ wà lọ́dọ̀ mi. Ó kórìíra ilé mi.

24 oṣù Kẹjọ

Mo kọ̀wé sí Ọ̀gbẹ́ni Ashcombe. Mo ní kó sun ìwé pélébé márùn-ún tó gbẹ̀yìn àti ojú ewé mẹ́rin tèmi. Mo ní òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo kọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n àìsàn ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe oúnjẹ. Mo ní ó béèrè ìbéèrè tó yẹ, mo sì fi ìgbéraga dá a lóhùn. Mo tún un kọ lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó sì ń gùn sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kúrú jù ni mo fi ránṣẹ́.

5 oṣù Kẹsàn-án

Ìkùukùu bo òkè látàárọ̀. Èsì rẹ̀ dé. Kò sí yíǹkì pupa níbẹ̀.

Ó ní òun bá mi kẹ́dùn. Ó ní kì í ṣe nítorí iyèméjì lòun ṣe béèrè ní oṣù Keje. Ìyá òun náà ni. Lọ́dún tí àìsàn pa ìyá náà, ó ní kí wọ́n lé obìnrin tó ń se oúnjẹ nílé wọn lọ torí pé oúnjẹ rẹ̀ kò ládùn mọ́, wọ́n sì lé e lọ, òun náà wà níbẹ̀, òun sì fọwọ́ sí i. Láti ìgbà náà ni òun kì í lè ka irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kí òun má béèrè.

Ó ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ti dúró lórí ìwé àkọ́kọ́: oúnjẹ tó tẹ́, tí iyọ̀ rẹ̀ kò pé. Ẹ̀rí pé ó ṣì wà lẹ́nu ènìyàn tó wà láàyè, ọ̀kan yẹn ṣoṣo ló wà. Ojú ewé náà yóò tì lọ́jọ́bọ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n tún un kọ kó mọ́ tónítóní, ọ̀rọ̀ ti èkíní ti rá. Ó jọ pé omi kán sí i. Oyin ni, bóyá. Ẹ̀gbẹ́ ilé oyin ni mo ti kọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn.

6 oṣù Kẹsàn-án, Ọjọ́ Àìkú

Mo se ọbẹ̀ ẹran àgùntàn lẹ́yìn ìsìn. Mo fi iyọ̀ sí i. Mo gbé e lọ sétí odò. Tamar ti fẹ́rẹ̀ẹ́ palẹ̀ ilé náà mọ́ tán, àga méjì ló kù. A jókòó, a jẹ ẹ́. Ó ní ó dára. Lẹ́yìn tí a jẹ ẹ́ tán ni mo mú pẹ́ńsùlù jáde, nínú ilé, lójú rẹ̀.

Òfin ní ìwọ̀nba gbólóhùn tó gbé ọ̀rọ̀ náà dání ni kí a kọ, kí a gé ìyókù dànù. Bí wọ́n bá fẹ́ gé e, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn gé e. Mo kọ ọ́ báyìí:

“Ó wearish, Míìsì Létí. Jókòó kí o bá mi jẹ ẹ́.” Keziah Brough, nínú ilé rẹ̀, Skelbeck, 9 oṣù Karùn-ún, 1896. Ẹni tí ó sọ ọ́ fún kò jókòó.